Àga Baba Havlín

Mẹ́fà lorúkọ inú ìwé tí wọ́n fún mi láàárọ̀,
márùn-ún ni mo gbé sínú ọkọ̀.
Baba Havlín kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun;
láti oṣù kẹta ló ti san owó ìjókòó.
"Dẹ́rẹ́bà, bọ́ sílẹ̀," ni Mama Vlasta wí,
"ta ló ń jẹ́ kí àga ṣòfò?"
Bí mo ṣe di ẹni tó ń bá òkú jókòó nìyẹn
ní Cedar Rapids, lábẹ́ àgọ́ funfun létí odò,
nínú oṣù keje tí àgbàdo Iowa ga ju èèyàn lọ.

Ẹ̀pà ló wà lápò mi. Mo ti rò pé
inú ọkọ̀ ni n ó wà, kí n máa jẹ ẹ́ ní méjì-méjì
títí àjọ̀dún orin wọn yóò fi parí.

Iná kú. Ẹnì kan wúkọ́. Ẹlòmíì fi ikọ́ tirẹ̀ dá a lóhùn.
Lẹ́yìn náà, ogójì fayolíìnì mí sínú lẹ́ẹ̀kan
bí alágbàṣe tó fẹ́ gbẹ́rù.

Ìtàn ayé àtijọ́ ni, ní ilẹ̀ àwọn Ṣẹ́ẹ̀kì,
ìlú orí òkè tí wọ́n ti ń wa fàdákà.
Ọba po bàbà mọ́ owó; owó pọ̀, búrẹ́dì wọ́n.
Àwọn awakùsà ní ó tó gẹ́ẹ́.
Ọba ò bá wọn jiyàn. Ó ní kí wọ́n gé okùn
nígbà tí ọgọ́rin ọkùnrin ṣì wà nísàlẹ̀ kòtò.

Èdè wọn ni wọ́n fi ń kọ ọ́.
Gẹ̀ẹ́sì ń sáré kọjá lórí pátákó lókè,
ojú mi ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀
bí ọrùn adìyẹ tó ń mumi.
Dorota dúró létí kòtò, ìyá ọ̀kan nínú wọn,
ó na ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo
títí mo fi ka abẹ̀bẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ń jù níwájú mi,
ọ̀rọ̀ náà ò sì já.
Mo ní, háà! Èdè tiwa ò jẹ́ gba èyí.
Ká fa ọ̀rọ̀ tó báyìí, ká gbé e gòkè, ká sọ ọ́ kalẹ̀,
igbà tí à ń ké fún yóò ti di ìgbà,
ìgbà yóò ti di igbá,
ẹni inú kòtò á máa retí okùn,
àwa á máa sọ igbá lù ú lórí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí orin fi jáde lábẹ́ pákó,
lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó wà lórí ìtàgé.
A ò rí wọn, àwọn tí wọ́n gé okùn wọn.
Wọ́n ń pa àtùpà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà tán,
ohùn ń dín kù bí àtùpà ṣe ń dín kù:
tma, wọ́n ní. Tma. Tma.

Mama Vlasta gbá mi lọ́wọ́ mú.
Láti ìbẹ̀rẹ̀ kò wo pátákó; mo ti rò pé ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.
"Òkùnkùn nìyẹn," ó sọ ọ́ sí mi létí.
"Bàbá mi a máa wí bẹ́ẹ̀ tó bá ń pa iná yàrá wa.
Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo mọ̀ nínú gbogbo orin yìí.
Èdè rẹ̀ ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń dá a lóhùn."

Mi ò fèsì.
Ọmọ mi wà nílé.
Mo máa ń ní, "Àrìnpé, wá jẹun,"
á dá mi lóhùn láti inú yàrá rẹ̀.
Ẹ ti mọ irú ìdáhùn náà.

Àtùpà kan kù. Ohùn kan kù, ti ọmọ Dorota,
kò ga, kò gbọ̀n, bí ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn fún ara rẹ̀.
Ó dákẹ́.
Kò sẹ́ni tó tètè pàtẹ́wọ́. A gbọ́ odò.
A gbọ́ ọkọ̀ àjàgbé lórí afárá.

Lójú ọ̀nà, gbogbo wọn ti sùn, orí wọn ń mì.
A gba abẹ́ afárá kan kọjá, Mama Vlasta lajú.
"Tma," ó ní, ó sì padà sójú oorun.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ sáàyè rẹ̀, àpò mi fúyẹ́.
Ẹ̀pà náà wà lórí àga Baba Havlín, nínú bébà rẹ̀.
Mi ò ní pè é ní ìgbàgbé.